Lẹ́tà Yín Lóṣù Yìí: Ta Ló Ń Wo Tíṣà Níbi Tó Ti Ń Kọ́ Ọmọ?

Èkìtì Kéte, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ tíṣà lóṣù yìí pọ̀ ju èyí tí ojú ewé wa lè gbà lọ, a sì mọ ohun tó fà á. Ẹnìkan ló kọ̀wé lóṣù tó kọjá pé tíṣà ìsinyìí ò mọ nǹkankan, ó parí ẹ̀ síbẹ̀, kò ṣàlàyé, ni inú bá ń bí gbogbo èèyàn láti Ọ̀tun títí dé Ìṣẹ̀. Mo mú márùn-ún nínú wọn, mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ iléèwé kúrò nínú gbogbo ẹ̀, ẹ má bínú.

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ sà. NCE, ìwé-ẹ̀rí tíṣà, ni mò ń ṣe, ọdún kẹta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí TP, ìyẹn fífi kíkọ́ ọmọ dánra wò, níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Sùpáfáísọ̀ wá wò mí, kò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yẹ lẹ́sìn nóòtì mi wò, ó ní mi ò fa máájìn dáadáa, ó wo káádíbọ́ọ̀dù tí mo yàwòrán sí, ó yìn ín, ó wo bàtà mi, ó lọ. Máàkì mi dáa o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò bi ọmọ kan ṣoṣo bóyá nǹkan tí mo sọ yé e. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn?" – Akẹ́kọ̀ọ́ NCE, Emùré-Èkìtì

Àbúrò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo, àmọ́ kí n tó débẹ̀ jẹ́ kí n gbèjà sùpáfáísọ̀ ẹ díẹ̀. Nínú ẹ̀yin tí wọ́n pín fún lẹ́kìtọ̀rà kan, ẹnìkan lè wà ní Emùré, ẹlòmíì ní Ọmùò, ẹlòmíì tún wà ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, bẹ́ẹ̀ owó epo mọ́tò ń bẹ lọ́rùn ẹ̀, iṣẹ́ tiẹ̀ náà ń dúró dè é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, ohun tójú máa tètè rí ló máa fún ní máàkì. Máájìn, káádíbọ́ọ̀dù, bàtà. Kì í ṣe ìwà ìkà, ètò náà ló rí bẹ́ẹ̀. Àkókò gan-an ò sì wọ́n o, torí NCCE, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989 láti máa bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, ya odidi sẹ́mẹ́sítà kan sọ́tọ̀ fún TP. Ohun tí wọ́n ń wò láàárín sẹ́mẹ́sítà náà lọ̀rọ̀ wà.

Ṣebí gbogbo ẹni tó ti ṣe TP rí ló mọ ọgbọ́n ọwọ́ òsì. Wọ́n á ti sọ fáwọn ọmọ tẹ́lẹ̀ pé tí àlejò bá ti wọlé, kí gbogbo wọn nawọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó na ọ̀tún, ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n kó na òsì, tíṣà á wá máa pe àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún nìkan. Sùpáfáísọ̀ á rí i tí gbogbo kíláàsì nawọ́ sókè, inú ẹ̀ á dùn, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ ń dáhùn dáadáa. Èèyàn á sì gba A. Kò sẹ́ni tó ń fún dẹ́rẹ́bà ní láísẹ́ǹsì torí pé ọkọ̀ ẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fún tíṣà ní tiẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ California ṣòfin ní 1998 pé ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-àṣẹ tíṣà gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ hàn nínú kíláàsì, kò tó kó kàn jókòó dáhùn ìbéèrè sórí pépà. Àwọn yunifásítì kan níbẹ̀ para pọ̀ ṣe èyí tí wọ́n pè ní PACT, nígbà tó yá àwọn ará Yunifásítì Stanford, Linda Darling-Hammond wà lára àwọn tó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, gbé òmíràn jáde lára ẹ̀ tí wọ́n pè ní edTPA, ọdún 2013 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹrẹu káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Bó ṣe rí rèé: ẹni tó wà lẹ́nu TP á ṣètò lẹ́sìn mẹ́ta sí márùn-ún tó tẹ̀ léra, á kọ ìdí tó fi ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fáwọn ọmọ tó wà níwájú ẹ̀ gan-an. Á ká ara ẹ̀ sí fídíò níbi tó ti ń kọ́ wọn, kì í gùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni. Lẹ́yìn ìyẹn á kó iṣẹ́ tí gbogbo kíláàsì ṣe, á yọ ti ọmọ mẹ́ta sọ́tọ̀, á fi ohun tó kọ sínú ìwé wọn hàn, á wá sọ ohun tó kàn tó máa ṣe fún ẹni tó yé, ẹni tó yé díẹ̀, àti ẹni tí ò yé rárá. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí ló máa máàkì ẹ̀, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ tíṣà, ọ̀pọ̀ sabjẹ́ẹ̀tì ló ní nǹkan 15 tí wọ́n máa wò, wọ́n á máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 1 dé 5.

Ibi iṣẹ́ ọmọ mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ kó o fọkàn sí. Ká ní pírámárì 4 lo kọ́, ẹ̀ ń ṣe ìdajì, ìdámẹ́ta, ìdámẹ́rin. O ya iṣu sórí káádíbọ́ọ̀dù, o gé e sí méjì, o gé òmíràn sí mẹ́rin, gbogbo kíláàsì kà á tẹ̀ lé ẹ, ariwo pọ̀, ó dùn. O wá fún wọn níṣẹ́: èwo ló tóbi jù, ìdajì ni àbí ìdámẹ́rin? Ọmọ kan kọ ìdajì. Ọmọ kejì kọ ìdámẹ́rin, torí lójú tiẹ̀ mẹ́rin ju méjì lọ. Ọmọ kẹta náà kọ ìdajì, àmọ́ nígbà tó débi ìdámẹ́ta àti ìdámárùn-ún ó mú ìdámárùn-ún, á jẹ́ pé ńṣe ló há ti àkọ́kọ́ sórí. Tíṣà tó bá kàn fi bírò pupa kọ X sí ti ọmọ kejì tó sì lọ, kò tíì ṣe nǹkankan. Èyí tó máa rí i pé àṣìṣe ọmọ kejì àti ti ọmọ kẹta jọra nísàlẹ̀, pé nọ́ḿbà làwọn méjèèjì ń wò tí wọn ò wo bí ẹyọ iṣu náà ṣe tó, tó sì pinnu pé lọ́la òun á fún wọn ní bébà kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ká a, kí wọ́n gbé e lé ara wọn wò, ìyẹn ló ti ń di tíṣà. Kò sí bí èèyàn ṣe máa rí èyí lára bàtà, kò sì sí bí ìdánwò pépà ṣe máa gbé e jáde.

Ó láǹfààní, ó sì ní wàhálà, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Dọ́là 300 lakẹ́kọ̀ọ́ ń san, ilé-iṣẹ́ Pearson ló ń bójú tó o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ráhùn pé àwọn ò ráyè kọ́ ọmọ mọ́ torí ìwé tí àwọn ń kọ nípa bí àwọn ṣe ń kọ́ ọmọ. Georgia pa á tì ní 2020, New York náà fi sílẹ̀ ní 2022, tíṣà ti wọ́n wọn, wọn ò fẹ́ nǹkan tó tún máa dínà. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá gbé e dé ibí bó ṣe wà, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti owó ẹ̀, èmi ò ní pàtẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa ò lè mú ibi tó dáa níbẹ̀? Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ká lẹ́sìn méjì péré, kó gbàṣẹ lọ́wọ́ HM àti àwọn òbí, kí fídíò má sì kúrò lọ́dọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ má gbé ọmọ ọlọ́mọ sórí wáásáàpù. Kí sùpáfáísọ̀ fúnra ẹ̀ na ọwọ́ mú ìwé mẹ́ta láàárín ìwé tó wà lórí tábìlì, kó má jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa yàn án, torí tó bá jẹ́ ìwọ lo yàn án, ìwé ọmọ HM la máa rí. Kó wá bi ẹ́ pé: kí ló fa èyí, kí lo máa ṣe lọ́la? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kan náà tó lò lọ́dọ̀ ẹ tó o. Kí tíṣà tó ni kíláàsì náà sọ tiẹ̀ sí i, òun ló rí ẹ lójoojúmọ́, àmọ́ máàkì ẹ̀ kì í sábà wúwo.

"Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìjọba sọ pé kí wọ́n máa fi iṣẹ́ ọmọ wo tíṣà, ẹ wá wo ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Pírámárì 2 àti 3 ló wà lọ́wọ́ mi, nínú yàrá kan. Ọjọ́ ọjà ìdajì ò ní wá. Òmíì ò jẹun látàárọ̀. Ẹ fẹ́ fi èsì wọn gé owó oṣù mi ni?" – Tíṣà kan, Ọmùò-Èkìtì

Àǹtí, rárá o, mi ò ní kí wọ́n gé owó oṣù ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ gbé ibi tó gbóná jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá, torí náà màá pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Èkìtì kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2012 ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí gbé ìdánwò kan kalẹ̀ fáwọn tíṣà, TDNA ni wọ́n pè é, ìjọba ní àwọn kàn fẹ́ mọ ibi tí tíṣà ti nílò ìrànwọ́ ni, àwọn tíṣà ní irọ́ ni, pé wọ́n fẹ́ fi lé àwọn lẹ́nu iṣẹ́ ni, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Nígbà tí ìbò gómìnà June 21, 2014 dé tí Ayọ̀ Fáyóṣe sì borí Fáyẹmí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16, ọ̀rọ̀ tíṣà wà lára ohun tí gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí. Láti ìgbà yẹn, kò sí olóṣèlú tó fẹ́ fẹnu ba ọ̀rọ̀ dídán tíṣà wò níbí láìwo ẹ̀yìn. Kẹ́ ẹ sì má rò pé ẹ̀rù àwọn tíṣà ọjọ́un ò nídìí. Kwara ti dán tíṣà wò ní 2008, àwọn tó lé ní 19,000, àwọn 75 péré ló kúnjú òṣùwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀. Kaduna ṣe tiẹ̀ ní 2017, 21,780 nínú nǹkan bí 33,000 ò gba máàkì tí wọ́n ní kí wọ́n gbà, ìjọba ibẹ̀ sì lé wọn. Gbogbo ayé ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè tó bẹ́ẹ̀ ni pé ta ló fún gbogbo wọn ní ìwé-ẹ̀rí tí wọ́n fi wọṣẹ́? Ìwé-ẹ̀rí yẹn kì í hù lórí igi. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó fọwọ́ sí i, lẹ́kìtọ̀rà kan wà tó lọ wo TP, ẹnìkan wà tó gbà wọ́n síṣẹ́. Èèyàn ò lè fi ogún ọdún tà tíṣà lọ́jà tán kó wá di ọjọ́ kan kó bínú sí ẹrù.

Ní ti owó oṣù àti èsì ọmọ, àwọn kan ti gbìyànjú ẹ̀, ó pẹ́. Ní 1862 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní iye ọmọ tó bá yege ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò níwájú ayẹ̀wéwò làwọn máa fi san owó fún iléèwé. Kí làwọn tíṣà ṣe? Wọ́n ní káwọn ọmọ há ìwé kíkà náà sórí láti òkè dé ìsàlẹ̀, sabjẹ́ẹ̀tì tí wọn ò bá ní í bèèrè wọn ò kọ́ ọ mọ́. Òfin ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe fún Èkó ní 1887 náà so owó ìrànwọ́ mọ́ èsì ìdánwò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pa tiwọn tì pátápátá ní 1897. Ẹ tún gbọ́ ti ìsinyìí: ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi èsì ìdánwò dá ọ̀gá iléèwé àti tíṣà lọ́lá, wọ́n sì ń fi dẹ́rù bà wọ́n, nígbà tí ìwádìí jáde ní 2011, olùkọ́ àti ọ̀gá iléèwé 178 ní iléèwé 44 ni wọ́n ní ọwọ́ wọn wà nínú màgòmágó, àwọn kan jókòó wọ́n ń pa ìdáhùn ọmọ rẹ́ wọ́n ń kọ èyí tó tọ̀nà sí i. Ní 2015 ilé-ẹjọ́ dá mọ́kànlá lẹ́bi. Àwa tí a mọ ohun tó ń jẹ́ míràkù sẹ́ńtà, ṣé a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni?

Àwọn onímọ̀ ìṣirò gan-an ti sọ̀rọ̀ sí i. Ní 2014, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sítátísítíìsì ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, tí máàkì ọmọ kan bá yàtọ̀ sí ti èkejì, ohun tó kan tíṣà nínú ìyàtọ̀ náà wà láàárín 1 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù, ilé ni, ebi ni, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì ni, ìwé tí ò sí ni. Kíláàsì méjì nínú yàrá kan bíi tiyín náà wà ńbẹ̀.

Ó kù síbì kan tí mi ò ní í gbà fún yín, Àǹtí. Ìdá kékeré yẹn, tiyín ni, ẹ ò lè dà á lé ọjà àti ebi lórí. Ohun tó tọ́ ni pé kí wọ́n wo ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ yín àti ibi tẹ́ ẹ gbé e dé. Ọmọ tí ò mọ álífábẹ́ẹ̀tì ní September tó wá ń ka gbólóhùn kúkúrú ní July, ẹ ti ṣiṣẹ́ ńlá, kó báà gba 30 nínú ìdánwò ìpínlẹ̀. Èyí tó ti ń ka ìwé bọ̀ láti ilé, tó gba 80, tó tún gba 80, kò sí ohun tí tíṣà ẹ̀ fi máa yangàn. Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, nínú ìwé èyíkéyìí, lóṣooṣù: orúkọ, ohun tó mọ̀, ohun tí ò mọ̀. Tí ìjọba bá dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ìdánwò wọn, ẹ ti ní ẹ̀rí tiyín lọ́wọ́. Kí wọ́n sì bi ọmọ ní èdè tó gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá fi òyìnbó bi ọmọ pírámárì 3 ní ìṣirò tí kò dáhùn, òyìnbó ni ẹ dán wò yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan ní 1970 níléèwé kan ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo sabjẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́fà, òyìnbó wá dá dúró bíi sabjẹ́ẹ̀tì kan, àwọn ọmọ náà ò sì kẹ́yìn, àní wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́ lọ.

"Ẹ káàsán. Mo ń sanwó gidi ní praifẹ́ẹ̀tì tí ọmọ mi wà, mo wá gbọ́ pé tíṣà ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ni, ó ń dúró de JAMB. Báwo ni mo ṣe máa mọ tíṣà gidi?" – Ìyá Tọ́pẹ́, Adó-Èkìtì

Ìyá Tọ́pẹ́, òfin wà, ó ti wà láti 1993, òfin 31 tó dá àjọ TRCN sílẹ̀, ẹni tí ò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ pe ara ẹ̀ ní tíṣà. Ìdánwò tiwọn ń bẹ, PQE, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ẹ lè bèèrè nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá iléèwé láìbínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ praifẹ́ẹ̀tì tó ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún tíṣà, ẹ má retí pé ẹni tó ní NCE máa dúró ńbẹ̀ pẹ́. Èyí tó yá jù lọ́wọ́ yín ni ìwé ọmọ. Ẹ ṣí i lálẹ́ òní. Tẹ́ ẹ bá rí ìdáhùn tí ò tọ̀nà tí wọ́n fi bírò pupa sọ pé ó tọ̀nà, lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ ojú ló fò ó. Tó bá di márùn-ún, ẹ lọ bá wọn. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé àṣìṣe kan náà ni ọmọ yín ń ṣe láti January tí ẹnikẹ́ni ò tún un ṣe, ẹ lọ bá wọn pẹ̀lú, kódà tí tíṣà náà bá ní másítà.

"Nígbà tiwa, Grade II ni wá, a mọṣẹ́ ju àwọn oní-digíríì yìí lọ. Kí ló bàjẹ́?" – Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Ìjerò-Èkìtì

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ orí. Ìdajì òtítọ́ lẹ sọ, ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ síta. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní Grade II, ìwé-ẹ̀rí tíṣà ìgbà náà, máa ń ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tiwọn nínú ọgbà, èyí tẹ́ ẹ̀ ń pè ní dẹ́mọ́, ẹ ò ní lọ jìnnà kẹ́ ẹ tó kọ́ ọmọ, ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ náà á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, lẹ́yìn ẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín á dójú tì yín díẹ̀, ẹ á tún un ṣe lọ́la. Ìyẹn gan-an ni ohun tí mò ń bá ọmọ Emùré sọ lókè, àfi pé ẹ ò fún un lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣì ní dẹ́mọ́ lónìí o, àmọ́ ibi tí ọmọ lẹ́kìtọ̀rà ti ń kàwé ló dà.

Ìdajì tó kù ni mi ò gbà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, ọmọ ya wọ iléèwé, tíṣà ò tó, ẹni tí wọn ò kọ́ níṣẹ́ tíṣà rárá ni wọ́n ń kó sí iwájú kíláàsì nígbà míì. Nígbà tí UPE, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà, tún dé ní 1976, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, ìdí tí wọ́n fi dá NTI sílẹ̀ ní Kaduna lọ́dún yẹn nìyẹn, kí wọ́n lè máa dá tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ níbi tí kálukú wà. Kì í ṣe gbogbo yín lẹ dáa, Bàbá. Àwọn tó dáa là ń rántí.

"Lẹ́kìtọ̀rà ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́. Gbogbo ẹ̀bi ẹ̀ ń dà lé wa lórí. Àwọn ọmọ tí yunifásítì ò gbà ni JAMB ń tì sọ́dọ̀ wa, ṣé ẹ fẹ́ ká fi omi ṣe epo ni?" – Ó ní ká má dárúkọ ìlú òun

Ọ̀gá, òótọ́ ni. Ní 2023 JAMB ní kí yunifásítì má gba ẹni tí ò tó 140, wọ́n ní 100 ni kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ máa gbà, nínú 400. Ìjọba tó bá ṣe báyẹn ti sọ fún gbogbo ayé ohun tó rò nípa iṣẹ́ tíṣà. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà méjì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ní, JAMB ló wà ní ti àwọlé, ẹ̀yin lẹ wà ní ti àjáde, kò sí ẹni tó fi ìbọn yọ ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ yín. Ẹni tó wọlé pẹ̀lú 100 lè jáde bíi tíṣà gidi tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, mo mọ̀ wọ́n.

Ó wá ku bí wọ́n ṣe lè bi kọ́lẹ́ẹ̀jì fúnra ẹ̀ léèrè. Louisiana wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń wo bí àwọn ọmọ tí tíṣà tuntun ń kọ́ ṣe ń tẹ̀ síwájú, wọ́n á wá tọpasẹ̀ ẹ̀ padà sí yunifásítì tó kọ́ tíṣà náà. Ìjọba Obama fẹ́ sọ irú ẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, òfin ẹ̀ jáde ní October 2016, kò pé ọdún kan tí wọ́n fi wọ́gi lé e, March 2017, ilé ìgbìmọ̀ fagi lé e Trump sì fọwọ́ sí i. Lára ohun tí àwọn tó ta kò ó ń sọ ni pé ìṣirò ẹ̀ ò dúró sójú kan, iye tíṣà tó ń jáde láti ibì kan lè kéré, ọmọ mélòó kan tó ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò lè yí gbogbo ẹ̀ padà. Tiwa á tún le ju bẹ́ẹ̀, torí àwọn tẹ́ ẹ kọ́ ní Èkìtì, ìdajì wọn wà ní Èkó, òmíràn ń ta fóònù, òmíràn wà nínú ọlọ́pàá.

Torí náà ẹ fi pọ́síńtéèjì sílẹ̀ ná. Ẹ mú ogún péré nínú àwọn tó jáde lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá tí wọ́n ń kọ́ ọmọ nítòsí, ní Ìkọ̀lé, ní Aràmọkọ, ní Ìlawẹ̀, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì wọn ní wákàtí kan, ẹ mú ìwé ọmọ mẹ́ta, ẹ bi HM ní ibi tí tíṣà náà kù sí. Tí mẹ́rìnlá nínú ogún ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa tú palẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ sì mọ lẹ́kìtọ̀rà tí ń kọ́ ọ. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ti le, mo mọ̀, torí lẹ́kìtọ̀rà náà lè jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, ó sì lè jẹ́ HOD. Ẹ tẹ èsì náà mọ́ bọ́ọ̀dù kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ rí i. Kò ní ná yín ju owó epo lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ kọ̀wé sí wa, a máa tẹ̀ ẹ́ jáde, bó dáa bí ò dáa.

Àwọn mẹ́ta kan tún kọ̀wé pé ká bá wọn bá SUBEB, àjọ tó ń bójú tó iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, a ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.